Awọ Tí Mo Gé Lẹ́yìn Etí Fabricio

Zulma, jókòó. Elián, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o fa àga rẹ súnmọ́ mi. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi yìí ò ní bá mi wọlẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bú mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń fi awọ ẹṣin kan ṣe ẹṣin mìíràn tó jọ ọ́ délẹ̀, nínú yàrá funfun tó wà lẹ́yìn ilé ẹṣin Don Eusebio, ọ̀gá wa tó ń sin ẹṣin póló, eré bọ́ọ̀lù orí ẹṣin. Nígbà tí Calandria darúgbó, abo ẹṣin tó gba ife-ẹ̀yẹ póló jù lọ fún un, mo ṣe mẹ́sàn-án jáde lára rẹ̀. A kì í fún wọn lórúkọ tuntun: Calandria Kìíní, Calandria Kejì, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá mọ póló, a ó tà á, a ó ṣe òmíràn.

Calandria Kẹta ló gbé Fabricio ṣubú lórí pápá, ọmọ kan ṣoṣo tí Don Eusebio bí, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Ọrùn rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú yàrá gàárì, a ń retí pósí. Don Eusebio pè mí wọlé.

“Nélida, ṣé ẹṣin wá ju ọmọ mi lọ ni?”

Mo ní, “Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, èèyàn kì í ṣe ẹṣin.”

“Mi ò ní kó o wàásù fún mi. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí kò ṣeé ṣe?”

Kí ni ì bá ná mi bí mo bá ní kò ṣeé ṣe? Ìgbéraga ló mú mi gbà, kì í ṣe ìbẹ̀rù. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ mi á ká a. Mo gé awọ lẹ́yìn etí òkú, níbi tí ìyá rẹ̀ ò ní rí i. A ò bi Fabricio rí bóyá ó fẹ́ wà lẹ́ẹ̀mejì.

Zulma, aṣọ lò ń fọ̀ nílé wọn nígbà náà. O ò rí ọmọ bí, ìwọ fúnra rẹ lo wá bá mi: “Màmá Nélida, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fún ẹṣin lóyún, ẹ ò rí tèmi rò ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkùnrin rere kan ló yọ̀ǹda àtọ̀. Irọ́ ni. Awọ yẹn ni mo fi ṣe ohun tí mo fi sí ọ nínú.

Oyún rẹ méjì tó wálẹ̀ lóṣù keje, tí mo ní kó o má wò, ìkejì ń mí. Mi ò pe dókítà, torí dókítà á béèrè ọ̀rọ̀. Mo gbé e mọ́ra títí tó fi dákẹ́. Mo sin wọ́n sábẹ́ igi ombú tí o máa ń ta okùn aṣọ sí, níbi tí a ń sin ọmọ ẹṣin tí kò yè.

Elián, ìwọ ni ìkẹta. Èmi yìí náà ni ìyá ìrìbọmi rẹ. Ojú ò tì mí. Torí pé ara Fabricio lo ti wá ni Don Eusebio fi ra bàtà ìgẹṣin fún ọ, tó ń tẹjú mọ́ ọ tí oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Fabricio Kejì ni ìwọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹṣin ń bà ọ́, búrẹ́dì lo fẹ́ máa ṣe. Lọ́dún tó kọjá ó dúró tì mí létí ọgbà, ó ní, “Èyí ò wúlò. Ṣe òmíràn.”

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo kọ̀. Mi ò kọ̀. Mirta, tó ń dáná fáwọn agẹṣin, ti lóyún oṣù mẹ́fà.

Elián, yọwọ́ lẹ́yìn etí rẹ, kò sí àpá níbẹ̀. Gba kọ́kọ́rọ́ yàrá funfun yìí. Awọ tó kù wà nínú ẹ̀rọ amómidì, sun ún. Kí o wá lọ bá Mirta, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kí ọmọ náà lè gba orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ó ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló sọ pé òun fẹ́.

Zulma, má tíì jáde. Bí o ò bá lè dárí jì mí, mi ò ní bi ọ́ nídìí. Ṣùgbọ́n dé abẹ́ ombú yẹn, kí o sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni àkọ́kọ́ wà lápá ìlà oòrùn. Èyí tó mí wà lábẹ́ okùn aṣọ rẹ.