Ife Mẹ́ta Tí Kò Ní Àjèjì

Ẹ ti fura. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, tó ní kí wọ́n gbé ìrọ̀rí sí òun lẹ́yìn, tó wúkọ́ díẹ̀, tó wá ní àsìkò tó kí òótọ́ jáde, ẹ ti mọ̀ pé òun gan-an ló tì í mọ́lé láti ọjọ́ yìí wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èmi ni mo parọ́. Ìyàwó mi ni mo parọ́ fún, ohun tí mo sì torí rẹ̀ parọ́ ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọfí nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in báyìí, torí tó bá yá, ẹ̀rín ò ní yá mọ́. Ẹlòmíràn a máa ṣẹ̀ nítorí ipò, ẹlòmíràn nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, orí tábìlì ilé ìdáná gbà á, àyè sì tún kù fún abọ́ ṣúgà.

Iṣẹ́ atọ́kọfíwò ni Ìyá Ìbejì ń ṣe. Bí mo ṣe ń pe ìyàwó mi nìyẹn láti ìgbà tó ti bí àwọn ìbejì wa, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ilé iṣẹ́ tó ń yan kọfí, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń dì í sí páálí ló gbà á síṣẹ́. Bí ahọ́n rẹ̀ bá ti sọ pé àpò kọfí kan ò dáa, ẹjọ́ parí, àpò náà yóò padà síbi tó ti wá. Èmi ńkọ́? Ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ̀yìn tì, tó lè fi òwe dá kíláàsì aláriwo lẹ́kun, ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nípa kọfí: ó máa ń gbóná. Síbẹ̀, bí àlejò bá wá, èmi ni mo máa ń pajú dé lórí ife, tí mo máa ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù, tí mo máa ń ní, "Hùn-ún. Ṣé ẹ ń gbọ́ òórùn èso lábẹ́nú rẹ̀?" Ìyàwó mi á gbójú sókè wo àjà. Kò tú àṣírí mi rí. Ẹ rántí ìyẹn fún mi.

Nígbà tó di pé a fẹ́ ra ẹ̀rọ tó ń lo kápúsù, ìyẹn kọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti di kọfí sí, téèyàn kàn máa fi há ẹ̀rọ lẹ́nu kó tẹ bọ́tìnnì, ilé ìtajà yá wa ní oríṣi méjì kí a lọ dán wọn wò. Ọ̀kan ga, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Kápúsù ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ń jẹ, bí ọmọ tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́ tí kì í jẹun nílé onílé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń ka àmì etí kápúsù láti mọ omi tó máa dà sí i. Èkejì kúrú, ó dúdú, ó rí bí àpótí bàtà. Ti ẹnikẹ́ni ló ń gbà, èèyàn sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ kọfí tó bá wù ú sínú kápúsù tó ṣeé tún lò. Èyí ni Ìyá Ìbejì fẹ́.

"Bàbá Ìbejì, kọfí là ń mu, a kì í mu ẹ̀rọ," ló wí. "Bí àwọn tó ni gíga yẹn bá jí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní àwọn ò ṣe kápúsù mọ́, kí la fẹ́ fi í ṣe? Ṣé òdòdó la máa gbìn sí i?"

Ohun tó wà lọ́kàn mi ò ṣeé sọ: irú gíga yẹn ló wà nílé Ẹnjiníà. Aládùúgbò wa tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa ni Ẹnjiníà, ọkùnrin tí kì í ra nǹkan láìpe èèyàn wá wò ó. Ó yọjú, ó rí ẹ̀rọ kúkúrú náà, ó sì fọwọ́ ti ògiri rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mi! Èyí lẹ fẹ́ gbé síwájú àlejò? Kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n máa wá bàtà nínú rẹ̀?"

"Ìyàwó mi ló fẹ́ ẹ," ni mo wí. Ojú ń tì mí.

"Áà. Mo rò pé ẹ̀yin ni baálé ni. Ẹ má bínú, mo ṣi ilé yà."

Ìyá Ìbejì ló dábàá pé kí ahọ́n ṣèdájọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ wọn nìyí: ife mẹ́ta ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, méjì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní àjèjì. Iṣẹ́ atọ́wò ni kó fa àjèjì yọ. Àjèjì kì í ṣàìsí níbẹ̀, òfin iṣẹ́ ni. Ó ní, "Kọfí kan náà ni kí ẹ wá fún ẹ̀rọ méjèèjì, ife méjì láti inú ọ̀kan, ẹ̀kẹta láti inú èkejì. Bí mi ò bá mọ àjèjì, a jẹ́ pé wọn ò yàtọ̀, ẹ gbé èyí tó wù yín. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, èmi ni n ó yàn." Mo gbà. Ta ni ò ní gbà? Mo sì jáde lọ ro ẹjọ́ mi fún Ẹnjiníà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ bá ẹja du odò ni? Obìnrin yẹn máa fà á yọ kí ẹ tó gbé ṣíbí sílẹ̀. Àfi bí kò bá sí àjèjì níbẹ̀ rárá." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ jẹun. Àwàdà ló fi ṣe. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ yẹn ni mo wá di akẹ́kọ̀ọ́ gidi.

Ìyá Ìbejì jókòó, ó kọjú sí fèrèsé kó má bàa rí ọwọ́ mi. Mo po ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú ẹ̀rọ gíga. Láàárín méjì, mo tan kúkúrú láìfi nǹkan kan sí i, kó kàn lè gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gbọ́n tó! Ọgbọ́n tí mi ò rí lò nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń sọ̀kalẹ̀ bí òjò. Ó tọ́ ìkíní wò, ó tu ú sínú abọ́, ó fi omi ṣanu. Ó tọ́ ìkejì. Ó tọ́ ìkẹta. Ó padà sí ìkíní.

"Bàbá Ìbejì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Ẹ gbọ́ o. Ó mọ̀ ọ́n. Ahọ́n rẹ̀ ò ṣìnà, ó sọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi láti jáde. Ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá ní, "O mú mi," òun náà ì bá fi aṣọ ìnuwọ́ nà mí, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ohun tí mo sọ ni pé, "Rárá o. Àjèjì wà níbẹ̀. Tún tọ́ ọ wò."

Ó tún tọ́ ọ wò. Ó gbé ife àárín sókè. "Eléyìí?"

"Kì í ṣe òun."

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lọ́la," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn ló fẹ́ mú mi." Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú ẹ̀rọ méjèèjì, mo sì mọ̀ pé bí mo bá po ọ̀kan nínú kúkúrú, á fà á yọ lójú ẹsẹ̀, àpótí bàtà á sì di tiwa. Mo tún po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú gíga. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n; ó nawọ́ sí ìkẹta, mo ní kì í ṣe òun. Ó ti gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ahọ́n rẹ̀ lọ.

A ra gíga. Ẹnjiníà wá wò ó, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì ò bá mi jà, ì bá sàn kó bá mi jà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ṣíbí ọbẹ̀ wá bá mi, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?" Níbi iṣẹ́, ó ń pẹ́ lórí ife, ó ń bi àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ léèrè kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn àga. "Mo ti ní kí wọ́n gbé mi kúrò ní tábìlì ìtọ́wò. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ bébà mọ́ páálí ni mo wà báyìí. Kò dáa kí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ti kú máa dájọ́ kọfí oníkọfí." Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, kí n má bàa banújẹ́. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni, "Ó ti tó kí o sinmi."

Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Mo máa ń múra òótọ́ títí, bí ọmọ tó há orin sórí, tí mo bá dé iwájú rẹ̀, á di ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin wa ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìyá òun, ìyá náà ní, "Lọ bá ẹni tó ní ahọ́n, ọmọ mi." Mo wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi bojú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ mi, ẹ má rò pé irọ́ kékeré wà. Irọ́ tí ẹ bá pa fún ẹni tó gbà yín gbọ́, apá yín ò ní ká a, torí òun ni yóò máa bá yín tọ́ ọ dàgbà.

Lánàá, mo pe àwọn ìbejì jọ sí iyàrá yìí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú ìyá wọn. Ọmọbìnrin wa sunkún. Ọkùnrin kọ̀yìn sí mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá wọn, mo ní kó bú mi, mo ní kó sọ ohunkóhun tó bá wù ú.

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì?" ló bi mí.

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì."

Ó tún aṣọ ìbora mi ṣe, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Kí n tó kúrò ní tábìlì yẹn, mo lọ rí dókítà. Mi ò sọ fún yín. Ó yẹ ahọ́n mi wò, ó yẹ imú mi wò, ó ní kò sóhun tó ṣe mí. Mo ní ó ṣàṣìṣe ni, pé ọkọ mi ló po kọfí náà, ọkọ mi kì í sì í parọ́."