Àmín Tí Mo Ṣe Ní Ìpàdé Òbí

Wọ́n ti yọ àwòrán ọmọ mi kẹ̀? Bàbá Nasrullah, ọkọ mi, ẹ tún un sọ kí n gbọ́! Ẹ ní kí n máa dúpẹ́? Ọpẹ́ kí ni kí n dú?

Ṣebí ẹ̀yin náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé òbí la lọ, ọ̀gá ilé ìwé dìde, ó ní àwọn máa gbé àwòrán àwọn ọmọ wa sórí pátákó lẹ́bàá títì Ìkirè, pé Ọlọ́run á jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí rere. Gbogbo wa ní àmín! Ta ni wọ́n máa ṣàdúrà fún ọmọ ẹ̀ tí ò ní ṣàmín? Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé, Ìyá Ikhlas, ṣé ká lo tiẹ̀. Ìgbà tí mo lọ bá wọn jà ni wọ́n ní mo ti fọwọ́ sí i, pé àwọn gbọ́ àmín mi ketekete. Háà! Tí mo bá sì dákẹ́ lọ́jọ́ náà ńkọ́, ṣé wọn ò ní ní mo fẹ́ ibi fún ọmọ ọlọ́mọ?

Ibà ti mú ọmọ mi lọ, a ò tíì ṣe àdúrà fìdáù rẹ̀ tán, ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ síta. Ikhlas mi! Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn onímọ́tò nínú híjáàbù funfun. Wàláì, orí ọ̀kadà ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, díẹ̀ ló kù kí n já bọ́. Ọlọ́kadà tí ò mọ nǹkan kan ní, "Màmá, ọmọ yín mà ti di gbajúmọ̀ o!"

Ẹ̀yin lẹ kó gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ tí ẹ sin ín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe. Mo gbà. Ẹ ò fi sàréè hàn mí, mo gba ìyẹn náà. Mo wá ń gba inú oko lọ sọ́jà Àpòmù torí pátákó yẹn. Èmi náà ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ bá mi kìlọ̀ fún wọn, mi ò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi, mo ti ń gba títì padà. Mo máa ń dúró níbẹ̀. Mo máa ń wo àlàfo eyín iwájú rẹ̀ tó yọ. Torí ojú rẹ̀ ti ń bọ́ lọ́kàn mi, Bàbá Nasrullah. Tí mo bá dijú nílé, híjáàbù lásán ni mo ń rí!

Àwọn fọ́tò tí ẹ kó, níbo ni wọ́n wà? Ẹ ti sun wọ́n? Gbogbo ẹ̀?

Àwòrán tí wọ́n yọ ńkọ́? Wọ́n gé e, wọ́n fi bo ilé adìẹ lẹ́yìn ilé ìwé? Ojú ọmọ mi? Ta ni wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé wọ́n tún gbọ́ àmín mi níbẹ̀ ni?

Ẹ lọ gbà á wá fún mi, bó ti wù kó ya. Ẹ dìde, ẹ lọ! Kí ló dé tí ẹ jókòó, tí ẹ ń sọ pé Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò?

Ẹ má wojú mi. Mi ò ní ṣàmín.