Àwọn Èèyàn Ńlá Inú Ìdílé Kovačević

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa kúrò ní Peckham, ní London, mo gbọ́ tí ìyá kan ń wádìí ìdílé ọkùnrin ará Serbia tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ fẹ́.

"Mọ́mì, Kovačević tí wọ́n ń jẹ́ túmọ̀ sí ọmọ alágbẹ̀dẹ. Mo wò ó lórí fóònù. Ọ̀gágun wà nínú wọn, agbábọ́ọ̀lù wà, ọ̀jọ̀gbọ́n náà wà."

"Èwo nínú wọn ni bàbá ẹ̀?"

"Kò sí. Orúkọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Akunlé ni bàbá ẹ̀, ní Bermondsey."

"Nínú gbogbo ọ̀gágun yẹn, ọmọ akunlé lo rí mú wá fún mi."

"Mọ́mì, Adé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tiwa náà. Ta ló jọba rí nínú ilé wa?"

Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Má jẹ́ kí àwọn àna wa gbọ́ ìyẹn."