Abẹ́rẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Rí Gbà

Olúwa tóbi! Ẹ bá mi pariwo rẹ̀, ẹ̀yin ará! Ẹni tó yẹ kí ẹ ti sin ló dúró níwájú yín yìí. Ògo!

Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Mile One níbí. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Tọ́pẹ́, opó ni, ọ̀dọ̀ èmi àti ọkọ mi ni òun àti Tọ́pẹ́ ọmọ rẹ̀ ń gbé. Inú ló ń ta á. Tó bá jẹ oúnjẹ díẹ̀, á ti yó, á sì bì í. A ní ọgbẹ́ inú ni, a ń ra oògùn funfun olómi fún un ní kẹ́mísítì. Ó rù, ó rù, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Olúwa, mo dúpẹ́ síbẹ̀.

Omijé mi kò tíì gbẹ tí inú tèmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ahọ́n mi bó. Ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Mo ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, n kò mọ̀ pé mo ń tẹ nǹkan kan. Aládùúgbò mi wò mí títí, ó ní, "My sister, you don lean o. No be wetin kill your sister be dis?"

Mo wọlé lọ sunkún. Ọkọ mi ní, "Dìde. Mi ò ní sin ìwọ náà."

Ní ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ọ̀fun mi wọ inú láti yẹ̀ ẹ́ wò. Agùnbánirọ̀ kan, ọmọ Yorùbá, ni dókítà náà. Ó ní, "Mà, àpò oúnjẹ inú yín ti ń wú tipẹ́, awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Kò lè fa ohun tó ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ nínú oúnjẹ mọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ ó máa gbà, títí ayé yín."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Báyìí náà ló ṣe é."

Dókítà ní, "Ó lè jẹ́ àìsàn yìí náà ni, sà. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n mi ò yẹ̀ wọ́n wò."

Abẹ́rẹ́, ẹ̀yin ará! Abẹ́rẹ́ lásán! Mo ké bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Mo gba abẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ padà sára mi. Ẹ yin Olúwa! Ọjọ́ tí mo jẹ ẹ̀bà tán, Tọ́pẹ́ wo abọ́, ó wojú mi. "Aunty, so you no go die again?" Mo gbá a mọ́ra.

Ẹni tí inú ń ta níbí, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò. Ẹ má jókòó ti oògùn kẹ́mísítì. Ọlọ́run tó dá mi sí á dá ẹ̀yin náà sí. Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Kí ẹ sì rántí Tọ́pẹ́ nínú àdúrà yín. Ó ṣì ń béèrè ìyá rẹ̀.