Èmi Ni Wọ́n Ń Kí

Nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń retí káàdì ìgbéyàwó ọmọ mi, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin sójà méjì tó wá gba aṣọ eré ìdárayá tí wọ́n tẹ̀ fún bárékè wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n yan ẹnì kan nínú àwọn tí a jọ ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun, kó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa yẹn ni màá yàn."

"Kí ló ṣe?"

"Láàárọ̀ Sátidé, èmi ni mo ṣáájú àwọn sójà, à ń sáré. Mo bojú wẹ̀yìn, n ò rẹ́nì kankan! Gbogbo wọn ti lọ bá ọmọbìnrin náà níbi tó ti ń bá sójà tó fẹsẹ̀ ṣèṣe lójú ogun rìn díẹ̀díẹ̀."

"Ìyẹn náà lẹ̀ṣẹ̀?"

"Èmi ni wọ́n ń kí bí ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ sunkún sí."

Ó sọ ọ́ bí ìyálé tí wọ́n gbé ìyàwó tuntun wọlé bá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tó bá lọ, ta ni yóò máa bá ọkùnrin yẹn rìn? Ìwọ?"

Àbúrò náà ń tú aṣọ tó ti ká, ó tún ń ká a. Nígbà tó yá ló wí jẹ́jẹ́:

"Ṣé wọn ò ní fi mí ṣẹ̀sín tí wọ́n bá rí mi tí mò ń bá a rìn lẹ́yìn?"