Ìka Tí Mo Na sí Hisako

Ẹ̀yin ará Ṣáínà àdúgbò wa ní Los Angeles níbí, tí ẹ dìde pàtẹ́wọ́ fún mi ní ilé sinimá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jókòó ná. Mi ò lè máa mu tíì ọ̀fẹ́ yín mọ́ láìsọ bí mo ṣe dé inú fíìmù yẹn. Ẹ rí mi níbẹ̀ tí mo jẹ́ ọmọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Ṣáínà, tí mo na ìka sí amí Jàpáàn tó fara pamọ́ sáàárín wa. Ẹ ò mọ̀ pé mo ti kọ́kọ́ na ìka yẹn sí ènìyàn gidi.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín àwa tí Bàbá Yip máa ń kó lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, láti máa rìn kọjá lẹ́yìn àwọn òṣèré ńlá. Hazel Chu ló pe ara rẹ̀. Òyìnbó ló ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ará Ṣáínà náà, Ọ̀gbẹ́ni Varley, nígbàkigbà tí wọ́n bá sì ń fi gọ́ọ̀mù fa ojú rẹ̀ kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiwa, Hazel á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. "Lai-Kuen," á sọ sí mi létí, "bàbá ẹ ti dé o, lọ kí i." Látìgbà tí ogun pẹ̀lú Jàpáàn ti dé ni gbogbo wa ti ń lẹ báàjì mọ́ àyà pé ará Ṣáínà ni wá, kí wọ́n má baà lù wá bí ará Jàpáàn. Hazel ní tòun sọnù. Mo fún un ní ọ̀kan nínú méjì tí mo ní.

Olùdarí wá mú un fún ipa ọmọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọ wa á sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, kò ní gbé àwo tíì nìkan! Mo jowú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń yá mi ní ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ̀ mí: bí nǹkan ò bá yé mi, oorun kì í kùn mí. Mo bi í ní ohun tí àwa tí bàbá wa wá láti agbègbè Toisan ní Ṣáínà máa ń kọ́kọ́ bi ara wa: "Abúlé wo làwọn bàbá ẹ ti wá ní Toisan?" Ó gbójú wo ẹ̀yìn mi díẹ̀, ó ní, "Hong Ling." Mi ò gbọ́ abúlé yẹn rí, síbẹ̀ mo mọ orúkọ náà. Mo ń rò ó títí mo fi rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ṣọ́ọ̀bù pákó tí wọ́n kàn fún fíìmù náà, níbi tó ń wò lẹ́yìn mi lọ́jọ́ yẹn. Òyìnbó tó kun pákó ló hùmọ̀ rẹ̀! Inú mi dùn bí ẹni tó yanjú ọ̀ràn inú ìwé.

Mo sáré sọ fún Bàbá Yip. "Mo mọ̀," ló wí. "Hisako lorúkọ ẹ̀. Wọ́n ti kó ìyá ẹ̀ lọ sí àgọ́ ní aṣálẹ̀, níbi tí ìjọba ń ti gbogbo ará Jàpáàn ìlú yìí mọ́. Ará Kòríà ń ṣe amí Jàpáàn fún wa, òyìnbó ń ṣe ará Ṣáínà. Kí ló wá burú tí ọmọ Jàpáàn bá ṣe ọmọ wa? Pa ẹnu ẹ mọ́, jọ̀ọ́." Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ṣe sí àwọn ènìyàn wa nílé ní Ṣáínà, ṣùgbọ́n Hisako kọ́ ló ṣe é, Los Angeles níbí ni wọ́n bí i sí. Ó yẹ kí ìwádìí mi parí síbẹ̀. Èmi ìkà! Mo lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, mo na ìka. "Ẹni yẹn kì í ṣe ará Ṣáínà."

Nígbà tí àwọn agbófinró dé, Hisako wò mí, ó sì mọ̀ pé èmi ni mo tú u fó. Ó tú báàjì náà, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. "Mo jí i lọ́wọ́ ẹ ni!" ló pariwo, kí wọ́n lè gbọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Gbà á, kí wọ́n má baà mú ìwọ náà." Ọ̀gbẹ́ni Varley dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gọ́ọ̀mù ṣì wà lójú rẹ̀, ó ń mu kọfí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè báàjì.

Èmi ni wọ́n fún ní ipa náà. Aṣọ rẹ̀ ni mo wọ̀. Òórùn ọṣẹ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn aṣọ náà. Bí mo ṣe na ìka, olùdarí ní, "O ṣe é bí ẹni tó ti ṣe é rí."

Hisako, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé aṣálẹ̀ tí o wà, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, mo rí yín lánàá lójú títì, tí ẹ ń na ìka sí ara yín bíi tèmi, tí ẹ ń pariwo pé, "Òun nìyẹn!" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ìka yẹn padà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ bi ènìyàn pé ọmọ ibo ni, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe.