Wákàtí Kan láti Gimpo dé Jeju

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Mo máa ń sọ fún yín pé ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Irọ́ ni. Mo ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún kó tó kú, èmi ni mo sì sọ ọ́ di òkú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Hyeon Sun-ok lorúkọ rẹ̀. Òmùwẹ̀ ni ní erékùṣù Jeju. Á mú èémí dúró, á rì lọ sísàlẹ̀ òkun, á kó ìgbín òkun jáde wá tà. Ìgbín yẹn ló fi rán mi lọ sí yunifásítì ní Seoul. Nígbà tí mo ríṣẹ́ sí báńkì, ojú rẹ̀ tí oòrùn ti sun àti èdè ará oko rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí lójú. Tó bá fóònù láti ṣọ́ọ̀bù abúlé pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀, mo máa ń sọ fún un pé ọ̀nà jìn, pé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lèèyàn ń wà nínú bàálù. Kò wọ̀ ọ́ rí, ó gbà mí gbọ́. Á ní kí n má wulẹ̀ wá, kó má rẹ̀ mí jù. Bẹ́ẹ̀ irínwó ó lé àádọ́ta kìlómítà péré ni láti Gimpo, pápákọ̀ òfuurufú Seoul. Ní wákàtí kan, bàálù ti balẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi parọ́ yẹn.

Mo wá pàdé ìyá yín, Myeong-hui. Mo ní n kò lóbìí mọ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, bàbá rẹ̀ fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì: Jeju, níbi tí gbogbo tọkọtaya tuntun ń lọ nígbà náà. Omi ọsàn tí wọ́n fún mi nínú bàálù kò tíì tán tí a fi balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ jẹ ìgbín òkun létí omi. Mo ní inú ń run mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ́wọ́. Obìnrin tó lóṣòó ti agbada gbójú sókè. Ìyá mi ni. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá yín sọ fún un pé, “Mama, ọkọ mi nìyí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Kò ní ìyá mọ́, ẹ bá mi ṣàdúrà fún un.”

Ìyá mi wò mí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu mi ni ì bá tó. Èmi ọmọ burúkú, òkun ni mo kọjú sí.

Ó ní, “Ẹ kú oríire, sà. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun, ọ̀nà tẹ́ ẹ ti wá jìn.”

Ìyá tó bí mi ló ń pè mí ní “ẹ”. Ó gé ìgbín náà, ó yọ ibi tó korò kúrò nínú tèmi nìkan, torí láti kékeré n kì í jẹ ibẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Kò fóònù mọ́. Nígbà òtútù ọdún yẹn, oníṣọ́ọ̀bù pè mí: ìyá mi rì lọ sísàlẹ̀ òkun, kò jáde láàyè. Ó ní àwọn á dúró dè mí, torí ìyá mi ti sọ fún gbogbo abúlé pé ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi jìn gan-an. Mo ní kí wọ́n máa sin ín.

Ìyá yín kú láìmọ̀ pé ọwọ́ ìyá ọkọ òun lòun ti jẹun. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí abúlé náà, kẹ́ ẹ béèrè sàréè rẹ̀, torí èmi ò mọ ibẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yín. Tí koríko bá ti bò ó, ẹ bá mi tu ú.